Ọ̀rọ̀ Ìsinmi Oṣù Kẹjọ: Ohun Tí A Rí Ní Wàrí

 

Oṣù kẹjọ ọdún ni a wà yìí. Òjò ti di ojoojúmọ́ l'ọ́dọ̀ wa, ẹrẹ̀ ti gba ojú ọjà, àwọn oníbàárà wa tí ó máa ń ti abúlé wá kò sì jáde mọ́. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni l'ẹ́nu. Jéró wọn ṣì wà l'óko, ẹ̀pà wọn kò tíì gbó, owó kò sí l'ọ́wọ́ wọn. Gbogbo ẹni tí ó ti tajà l'Ókè Ọya fún ọdún méjì péré l'ó mọ̀ pé ọjà kì í yá ní àkókò yìí títí àgbẹ̀ yóò fi kórè. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí à ń ṣe. Láti agogo méje òwúrọ̀ ni a ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, a ó fa ojú ro, a ó máa lé eṣinṣin, a ó máa bá ọmọ iṣẹ́ jà nítorí bọ́tìnì kan, títí agogo méje alẹ́ yóò fi lù. A kò tajà, a kò sì sinmi. Bí a bá sì dé ilé, a kì í ní ọ̀rọ̀ ire kan l'ẹ́nu fún ìyàwó tàbí ọmọ.

Ohun tí a fẹ́ wí kò le. A fẹ́ wí pé ìsinmi oṣù kẹjọ kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, àti pé ẹni tí ó bá ń kó gbogbo fàájì àti gbogbo ẹ̀wù rere rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí yóò padà s'ílé, ó ń fi ayé rẹ̀ ṣòfò n'ílẹ̀ àlejò ni. Wàrí ni a ti rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ Wàrí ju orúkọ lọ, àyàfi ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ epo. Ó wà n'ílẹ̀ omi, ní Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Àsàbà ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ó sì dun ọ̀pọ̀ ará Wàrí. Àwọn Itsekiri, àwọn Urhobo àti àwọn Ìjọ ni onílé níbẹ̀. Ta ni ó ni ilẹ̀ jù nínú wọn, a kò ní dá sí i. Àlejò kì í bá onílé pín ogún. Èdè Itsekiri jẹ́ ìbátan èdè tiwa. Oritse tí wọ́n ń pe Ọlọ́run, òun náà ni Òrìṣà tí àwa ń pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọba Bìní kan, Ginuwa, ni ìtàn wọn sọ pé ó tẹ ìjọba wọn dó ní nǹkan bí ọdún 1480. Àwa tí a kọ ìwé yìí gbé Wàrí fún ọdún mẹ́jọ, láti 2005 dé 2013, tí a ń ta òwú, bọ́tìnì àti lẹ́ẹ̀sì ní ọjà Igbudu, kí a tó gòkè wá síhìn-ín.

Ìlú òjò ni Wàrí. Òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ l'ọ́dún kan ju mílímítà 2,500 lọ, nígbà tí ti Kánò kì í pé 1,000 ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù keje, òjò Wàrí lè bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí kí ó má sì dá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, aṣọ tí a fọ̀ l'ọ́jọ́ Ajé yóò sì máa rùn l'órí okùn di Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù keje bá ń parí lọ, òjò a dẹwọ́. Kì í dá pátápátá o, Wàrí kì í gbẹ tán, ṣùgbọ́n òòrùn a yọ, ojú ọ̀run a mọ́, èyí a sì máa tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́gọ́ọ̀sì brẹ́ẹ̀kì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwa tí a kò kàwé ju ìwé mẹ́fà lọ kò mọ ìdí rẹ̀, àfi ìgbà tí olùkọ́ kan tí ó máa ń ra bọ́tìnì l'ọ́wọ́ wa là á yé wa. Ó ní atẹ́gùn tútù tí ó ń ti orí òkun wá ni ó ń gbé òjò rìn, ó sì ń tẹ̀lé òòrùn gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní oṣù kẹjọ ó ti gòkè dé ibi tí ó jìnnà jù, òjò ńlá wá bọ́ s'órí Kánò, Kàtsínà àti Sókótó. Àwọn tí ó wà l'étí òkun a sì rí ìsinmi díẹ̀. Bí ó bá di oṣù kẹsàn-án, òjò náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà s'ọ́dọ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, òjò tí ó fi Wàrí sílẹ̀ l'oṣù yìí, orí páànù tiwa l'ó wà.

Bí òjò bá dẹwọ́ báyìí, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ ní Wàrí tí ó yà wá l'ẹ́nu ní ọdún tí a kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn ènìyàn kì í lo àyè náà láti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti kọjá, bàbá tí ó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe ní ojúlé kejì sí wa a palẹ̀ mọ́, a wẹ̀, a ró iró, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti lọ̀, a sì gbé àga s'íta. Kò sí ẹni tí ó pè é s'óde. Kò sí òkú, kò sí ìkómọ. Òòrùn l'ó yọ, ilẹ̀ sì gbẹ díẹ̀, ó sì tó. Ìyá tí ó ń ta ẹja gbígbẹ a bọ́ aṣọ ọjà, a ró iró méjì, èkejì l'órí èkíní, a sì jókòó ti ìkòkò àgbàdo. Ní àkókò náà àgbàdo tútù ṣì wà, úbè ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́, èso dúdú kan tí a ń fi sínú eérú gbígbóná títí yóò fi rọ̀. Àgbọn l'àwa Yorùbá fi ń jẹ àgbàdo. Títí di òní a kò gbà pé úbè dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n a jẹ úbè púpọ̀.

Ọmọdé tí ó bá kọjá n'íwájú àgbà Urhobo a kúnlẹ̀, a ní “Mígwó”. Àgbà a dá a l'óhùn pé “Vrẹ́ndo”. Ìkíni yìí a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òórùn ọbẹ̀ ẹyìn a gba gbogbo àdúgbò, èyí tí wọ́n fi ń jẹ sítáàṣì, òkèlè kan tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ rò pẹ̀lú epo pupa díẹ̀ títí yóò fi pọ́n bí ìyeyè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n jẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́. Wọ́n fi àwa rẹ́rìn-ín fún ọdún kan gbáko.

Ẹ̀fẹ̀ sì ni ìyókù. Wàrí ni a ti bí Atunyota Akpobome tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Ali Baba, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ ẹ̀fẹ̀ ṣíṣe di iṣẹ́ tí a ń gba owó gidi lé l'órí n'ílẹ̀ yìí. Kí ó tó di iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, orí irú àga ìta bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń wáyé l'ọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì wí pé ìrọ̀rùn ni ó mú wọn máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1997, nígbà tí ìjọba gbé orí ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Warri South West kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ìjọ àti àwọn Itsekiri. Ó rọlẹ̀, ó tún ru sókè ní 2003. Wọ́n sun ilé, wọ́n pa ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ epo kó ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wọn kúrò, iṣẹ́ sì bọ́ l'ọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Nígbà tí àwa dé, a bá ilé tí iná jó tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún kọ́, a sì bá àwọn ènìyàn tí ó gbé àga s'íwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ n'írọ̀lẹ́, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun l'ọ́rùn. A bi bàbá alátùn-únṣe ọkọ̀ náà léèrè bí ọkàn rẹ̀ ti ṣe lè balẹ̀ tó báyìí. Ó ní bí òun bá ní kí Wàrí dára tán kí òun tó jókòó, orí ìdúró ni òun yóò kú sí.

Nípa ọ̀rọ̀ aṣọ, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ díẹ̀, nítorí òwò wa ni. Jọ́ọ̀jì ni aṣọ tí àwọn obìnrin wọn fẹ́ràn jù. Íńdíà ni ó ti ń wá, láti agbègbè Madras tí ó ń jẹ́ Chennai báyìí. Wọ́n ní odi kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ síbẹ̀, Fort St. George, l'ó fún un l'órúkọ. Ọkùnrin wọn a ró iró, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì gígùn lé e, a dé àkẹtẹ̀ bíi ti òyìnbó, a mú ọ̀pá dání. Kò yani l'ẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá àwọn aláwọ̀ funfun ṣòwò l'étí omi. Ọmọ ọba Itsekiri kan, Dom Domingos, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Coimbra ní ilẹ̀ Pọ́túgà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó sì padà wá jọba, òun ni Olú Atuwatse kìíní.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé aṣọ ìrọ̀lẹ́ wọn àti aṣọ ayẹyẹ wọn kò jìnnà s'íra. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n fi Ogiame Atuwatse kẹta jẹ Olú Wàrí, ẹni kọkànlélógún, ní Òde-Itsekiri. A ti kúrò níbẹ̀ nígbà náà, orí fóònù ni a ti wò ó, àwa àti àwọn ará ilé wa, tí òjò Òkè Ọya sì ń lu páànù l'órí wa tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n a rí aṣọ. Iró ni, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni, àkẹtẹ̀ ni. Aṣọ tí bàbá yẹn máa ń wọ̀ n'íwájú ilé rẹ̀ ni aráyé wọ̀ lọ síbi ìjọba. Iyùn ni wọ́n fi kún un, àti ìyẹ́ l'ára fìlà. Aṣọ tí ó mọ ara ẹni tẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí à ń fà síwá fà sẹ́yìn.

Àwa ńkọ́? Kò sí ẹ̀yà tí ó mọ aṣọ í wọ̀ jù wá lọ n'ílẹ̀ yìí, a kò sì ní purọ́ nítorí ìrẹ̀lẹ̀. Ta ni ó ní sányán, àlàárì àti ẹtù? Ta ni ó ń dé abetí ajá tí ó tún ń dé gọ̀bì? Ṣùgbọ́n inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ wa ti rí nìyí: a ń dúró de ẹni tí yóò kú kí a tó múra.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ka wa fi ayé sílẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ti mọ̀. Ènìyàn rere ni, òṣìṣẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'ó máa ń kọ́kọ́ ṣí l'ọ́jà, òun náà l'ó sì ń pa á dé kẹ́yìn. Àwọn ẹbí ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà a wà níbẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣí àpótí. Agbádá mẹ́fà ni a bá. Mẹ́rin nínú wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí télọ̀ fi dì wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ sányán gidi, irú èyí tí kò wọ́pọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń pa á mọ́ de ọjọ́ tí yóò ṣí ilé rẹ̀ n'ílé. Ilé náà kò tíì ní òrùlé títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí. Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n pín sányán fún, ọkùnrin gíga kan tí agbádá náà kò gùn tó, ọjọ́ ìsìnkú ni ó sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Kì í sì ṣe pé olóògbé yìí jẹ́ ahun. Bí ẹgbẹ́ bá dá aṣọ ẹbí, òun l'ó ń kọ́kọ́ san. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa èyí, àwa tí ìwé gbèsè ẹgbẹ́ wà l'ọ́wọ́ wa. Òkú n'ílé, a dá aṣọ. Ìkómọ, a dá aṣọ. Ẹni tí ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ kú, a dá aṣọ. Lẹ́ẹ̀sì kan kì í pé ju ọjọ́ kan lọ l'ọ́rùn ẹni kí òmíràn tó dé, a kò sì lè wọ ti àná lọ s'óde òní, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti òní mu. A mọ àwọn tí ó yá owó l'ọ́wọ́ àwọn alájọ nítorí aṣọ ẹbí ní oṣù yìí gan-an tí ọjà kò yá. A ń tà lẹ́ẹ̀sì, ara èrè wa ni èyí, ẹ má sì rò pé a gbàgbé. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi gbèsè rà, tí a wọ̀ l'ẹ́ẹ̀kan, a kò lè pe ìyẹn ní afẹ́.

Àwọn àgbà kan ti dá wa l'óhùn l'órí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó kọ ọ́ s'ínú ìwé. Wọ́n ní ilẹ̀ àlejò kọ́ ni a ti ń na ẹsẹ̀. Wọ́n rán wa l'étí Gáná. Ẹ kò lè bá wọn jiyàn pé kò ṣẹlẹ̀: ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìlọrin, ọmọ Ẹ̀jìgbò, àwọn tí a bí sí Kùmásí àti Tàmálè tí kò mọ ilé baba wọn rí, gbogbo wọn di ẹrù wọn s'órí ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù lọ, ilé lọ, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n lọ. Níhìn-ín náà, a kò ṣàìrí ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́rí tí à ń gbọ́ ariwo l'ójú títì.

A gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni Gáná gbà l'ọ́wọ́ wọn? Ohun tí wọ́n kó jọ tí wọ́n ń pa mọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ tí ènìyàn ti jókòó gbádùn, kò sí ìjọba tí ó lè fi ọlọ́pàá gbà á. Ìyá àgbà kan tí ó ti Tàmálè bọ̀ ní ọdún náà, tí ó jẹ́ ará ilé wa, máa ń sọ pé obìnrin Dàgóńbà kan tí wọ́n jọ ń jókòó pa ẹ̀pà l'ójoojúmọ́ ni ó bá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun pamọ́, tí ó sì fi rán awakọ̀ sí òun ní ọdún kejì. Àwọn tí ó ń ti ṣọ́ọ̀bù wọ ilé, tí wọ́n ń ti ilé wọ ṣọ́ọ̀bù, ta ni ó mọ̀ wọ́n tí yóò bá wọn gbé ẹ̀rọ pamọ́? Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa l'óhùn l'órí èyí nínú ìpàdé.

Ẹlòmíràn yóò ní oṣù kẹjọ tiwa kọ́ ni ti Wàrí, òjò ni tiwa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò tiwa kì í rọ̀ bíi ti etí òkun. Tiwa a ṣú, a jà, a rọ̀ bí ẹni ń fi korobá dà á, l'ẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì a sì dá. Ẹ rántí bí ìrọ̀lẹ́ ti máa ń rí l'ẹ́yìn náà: eruku kò sí, ooru kò sí, koríko tútù, atẹ́gùn tí ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ní gbogbo ọdún l'Ókè Ọya, kò sí ìgbà tí ó dára láti jókòó s'íta tó àkókò yìí. Láìpẹ́ ẹ̀pà tútù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, a ó máa sè é pẹ̀lú iyọ̀. Àwọn Haúsá tí ó gbà wá l'álejò mọ iyì ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà wọn: wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti wọ jálàbíyà tí ó mọ́, wọ́n ń gbọ́ réédíò, wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ ìlú palẹ̀. Májálísà ni wọ́n ń pe ìjókòó náà, kò sì sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Bí a bá kọjá, wọ́n á kí wa, a ó dáhùn, a ó sì yára kọjá bí ẹni tí ajá ń lé.

Àwa náà ní tiwa tí a ti gbàgbé. L'ábẹ́ igi odán n'ílé, kí ni àwọn baba wa ń ṣe ní irú àkókò báyìí? Ayò ni. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rinmẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta l'ápapọ̀, owó kọ́bọ̀ kan kò sí níbẹ̀. Ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran a máa kọ́ ọ̀pẹ ní ohun tí kò bi wọ́n. Ọmọ tí ó bá dúró ti bàbá rẹ̀ níbẹ̀ yóò gbọ́ Yorùbá tí ó jinlẹ̀, yóò gbọ́ oríkì, yóò gbọ́ èébú tí kò ní ìbínú nínú. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí ń sọ Haúsá dáadáa, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ l'ẹ́nu wa kò ju “wá”, “lọ”, “mú u wá” àti “ṣé o ti tì í?” lọ. Níbo ni wọn yóò ti gbọ́ èyí tí ó kù, nígbà tí a kì í jókòó?

Àbá tí a fẹ́ gbé s'íwájú ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀ nìyí. Kí ẹ̀ka wa má ṣe dá aṣọ ẹbí kankan láti ìsinsìnyí títí ìkórè yóò fi parí. Ẹni tí ó bá ní òkú tàbí ìkómọ, kí a bá a lọ pẹ̀lú aṣọ tí ó wà nínú àpótí wa. Kí a sì máa ṣí àgbàlá ilé ìpàdé wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láti agogo mẹ́rin títí di àkókò Mọ̀ǹgàríbà, kí olúkúlùkù wẹ̀, kí ó wọ ẹ̀wù tí ó wù ú, kí ó mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dání. Kò sí owó dídá, kò sí alága ayẹyẹ, kò sí ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. A mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù ọtí. Ọtí kò ní wọ àgbàlá náà, nítorí ìmọ̀le àti onígbàgbọ́ ni a jọ jẹ́ nínú ẹgbẹ́ yìí, òfin Ṣàríà sì wà ní ìpínlẹ̀ tí a wà. Ẹni tí kò bá lè rẹ́rìn-ín láìmu ọtí, kí ó dúró s'ílé.

Akápò wa ti sọ fún wa ní ojúkojú pé òun yóò tako àbá yìí, nítorí ẹgbẹ́ máa ń fi àgbàlá náà háyà fún àwọn oníyàwó ní ọjọ́ Ìsinmi. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n a ti wo ìwé owó, ẹni tí ó wá háyà àgbàlá ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án kì í tó nǹkan, nítorí òjò. Owó tí ẹgbẹ́ yóò pàdánù kò tó iye tí ẹni kan ń san fún aṣọ ẹbí kan. Bí wọ́n bá fẹ́, a ó mú ìwé náà wá kí gbogbo wa jọ kà á.

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, a gbọ́ pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí yóò se ẹ̀pà. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìpàdé dìbò ná. Ẹni tí ó bá sì ní ọpọ́n ayò n'ílé, kí ó jọ̀wọ́ mú un bọ̀ l'ọ́jọ́ náà. Ti ilé ìpàdé ti là sí méjì láti ọdún tí wọ́n fi ti fèrèsé ẹ̀yìn, ọmọ ayò rẹ̀ kò sì ju mọ́kànlélógójì lọ mọ́.